Kí O Tó Bu Omi sí I

Omi ni mo fi pa rosemary mi àkọ́kọ́, ewé olóòórùn dídùn kan tí òyìnbó fi ń se oúnjẹ. Mo tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀mọ̀wé nípa ọgbà ló ń kọ èyí. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni mí, ní Kàbbà níbí. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀gbìn kò ju èyí tí ẹnikẹ́ni tó dàgbà ní Ìjùmú mọ̀ lọ: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, àti oko kọfí bàbá mi tó ti di igbó báyìí. Nínú gbogbo wọn, n kò rí èyí tí a kẹ́dùn fún rí pé omi rẹ̀ pọ̀ jù. Òjò tí kò rọ̀ ni àwa máa ń sunkún.

Àbújá ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Ẹ̀ka márùn-ún ni ó ní, nínú ike dúdú kékeré kan, kò sì ga ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo gbé e lé itan títí dé Lọ́kọ́ja. Ìgbà tí a bọ́ sórí ọ̀nà kọnkéré tó wá láti Ọbájánà sí Kàbbà, kìlómítà 43 tí mọ́tò kì í ti í ju ni sókè sódò mọ́, ni mo tó ráyè fi ọwọ́ pa ewé rẹ̀. Òórùn gba gbogbo ọkọ̀. Dírẹ́bà wò mí nínú dígí, ó ní, "Màámi, ṣé orí ń fọ́ yín ni? Mo ń gbóòórùn Robb." Kò purọ́. Káńfọ̀ wà nínú òróró rosemary, cineole náà wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú òróró yúkálíptọ́ọ̀sì. Imú dírẹ́bà náà ti mọ ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ nínú kíláàsì.

Ọkùnrin tó tà á fún mi ní kí n máa bomi rin ín láràárọ̀. Èmi tí mo fẹ́ ṣe dáadáa, mo fi tìrọ̀lẹ́ kún un.

Irun ló sún mi dé ìdí rosemary, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Iwájú irun mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá sẹ́yìn, gbogbo obìnrin tí mo sì mọ̀ lórí WhatsApp ló ń se ewé rosemary pọ̀ mọ́ kànáfùrù, tí wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike, tí wọ́n ń fín in sórí láràárọ̀ bí ẹni ń fín oògùn ẹ̀fọn. Ìwádìí kan wà lóòótọ́. Lọ́dún 2015, àwọn dókítà kan ní Ìráànì kó ènìyàn 100 jọ tí irun ń re lórí wọn nítorí àbímọ́. Wọ́n fún ìdajì ní òróró rosemary, wọ́n fún ìdajì yòókù ní minoxidil 2%, oògùn tí wọ́n ń fi sórí kí irun lè hù, fún oṣù mẹ́fà gbáko. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, kò tíì sí ohun tó yí padà. Ní oṣù kẹfà, irun ìhà méjèèjì ti pọ̀ sí i, kò sì sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ ju èkejì lọ. Ó dára. Ṣùgbọ́n òróró ni wọ́n lò, kì í ṣe omi ewé sísè, irú ìpárí tó ń bá ìran rìn ni wọ́n sì ń wò. Tèmi kò jẹ mọ́ ìran kankan. Irun dídì tó le koko ló fa tèmi tu, ohun tó sì dá a padà ni pé mo sọ fún onídìrí mi kó dẹ ọwọ́. Kí n tó mọ ìyẹn ṣá, rosemary ti wọlé, òórùn rẹ̀ sì ti mọ́ mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa orúkọ rẹ̀, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, *ros* tó jẹ́ ìrì àti *marinus* tó jẹ́ ti òkun. Ìrì òkun. Etí òkun tó wà láàárín Yúróòpù àti Áfíríkà ni ilé rẹ̀, lórí òkè olókùúta, níbi tí òjò kò ti pọ̀ tí oòrùn sì mú. Wọ́n wá gbé ìrì òkun fún èmi ọmọ Okun, àwa Yorùbá ìhà Kàbbà, tí a ń fi okun kí ara wa láàárọ̀ àti lálẹ́, tí kò sì sí òkun kankan nítòsí wa bí kò ṣe Odò Ọya ní Lọ́kọ́ja. Àwọn onímọ̀ ewéko náà kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ sinmi. Rosmarinus officinalis ni ó ń jẹ́ tipẹ́tipẹ́. Lọ́dún 2017 àwọn kan wádìí ìran rẹ̀ wò, wọ́n ní inú agbo Salvia ló yẹ kó wà, ó bá di Salvia rosmarinus. Mo bá a kẹ́dùn. Àwa náà ti jẹ́ Kàbbà Province, a di ọmọ Kwara lọ́dún 1967, wọ́n tún gbà wá níbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, a di ọmọ Kogí. Ilẹ̀ tí a ń ro kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ n padà sórí òkú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bíi tábà. Mo rò pé òùngbẹ ni. Mo bu omi sí i. Ewé àárín náà pọ́n. Mo tún bu omi sí i, mo da ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ lé e kó lè lágbára. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó rọ bí ẹni tí ibà mú, ilẹ̀ inú ike rẹ̀ sì tutù rinrin. Ọjọ́ tí mo fà á yọ, kò janpata rárá, ó tẹ̀ lé mi wọ́ọ́rọ́ bí ìgbálẹ̀ tí a fà yọ nínú ẹrẹ̀. Gbòǹgbò tó yẹ kó funfun ti dúdú. Mo fi ìka méjì mú ọ̀kan nínú wọn, mo rọra fà á, awọ rẹ̀ sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí ìbọ̀sẹ̀, ó ku fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan bí òwú ìránṣọ. Òórùn tó ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe ti Robb mọ́. Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ tí wọ́n sì gbàgbé sómi ni.

Gbòǹgbò ń mí, bí ẹ̀yin àti èmi. Àárín hóró iyẹ̀pẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń mí wà. Tí omi bá gba gbogbo àyè yẹn tí kò sì tètè ṣàn lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú sínú omi náà. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan tó jọ olú, tí ọmọ wọn mọ omi wẹ̀ gan-an, á wá bá a níbẹ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ rà. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé gbòǹgbò tó ti rà kò lè fa omi mọ́, nítorí náà ewé òkè á máa rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á sì tún sáré bu omi sí i. Mo kà á nínú ìwé lẹ́yìn ìsìnkú.

Èkejì kò pẹ́ rárá. Abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ni mo gbé e sí nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹni tó bá mọ òjò oṣù kẹsàn-án ní Kàbbà kò nílò àlàyé.

Ẹ̀kẹta ni mo gbé lọ fún Ìyé mi, ìyá tó bí mi, ní Ògìdì ní Ìjùmú. N kò ní i lọ́kàn pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ o. Mo kàn bẹ̀ wọ́n wò nínú oṣù kọkànlá ni, ó sì wà nínú mọ́tò, mo ń bẹ̀rù láti fi sílẹ̀ nínú oòrùn. Ìyé mi gbà á lọ́wọ́ mi. Wọn kò wo ewé, wọn kò gbóòórùn rẹ̀ rárá lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀mùnú ẹ̀ka kan ni wọ́n mú sáàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni ń ran òwú.

Wọ́n ní, "Ẹbí efinrin ni."

Mo ní, "Ìyé, báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Ó ní igun. Yí i wò."

Mo yí i wò. Igun mẹ́rin ni ó ní lóòótọ́, bí igi ìṣáná. Wọ́n já efinrin kan lẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n fi sí mi lọ́wọ́ kejì: igun mẹ́rin. Ewé méjì méjì tó kọjú síra, èyí tó tẹ̀ lé e á sì dábùú ti ìṣáájú. Ìdílé kan náà ni àwọn ìwé pín wọn sí, Lamiaceae, efinrin, mííńtì, táìmù tí a ń fi sí ìrẹsì, àti rosemary. Ìyé mi kò ka ìwé kọjá Sítáńdáàdì kẹrin.

Láti ọjọ́ náà, efinrin òyìnbó ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí n kò gbàgbé: "Wọ́n jọ jẹ́ ẹbí ni, wọn ò jọ ní ìwà kan náà." Ẹ fi ewé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i. Ewé efinrin fẹ̀, ó rọ̀, ó la ara sílẹ̀. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti pa á, á sọ orí kọ́ sílẹ̀, gbogbo ilé á mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹ bu ìgò omi kan sí i, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti gbérí. Ewé rosemary dà bí abẹ́rẹ́. Ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ká etí méjèèjì wọ inú, bí ẹni fi ìborùn di àyà, irun funfun wẹ́wẹ́ sì wà nínú ibi tó ká náà. Abẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ihò tó fi ń mí wà, kí afẹ́fẹ́ gbígbẹ má baà jí omi rẹ̀ gbé. Ara tí wọ́n dá fún ọ̀dá ni. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé kì í ráhùn. Tí ó bá gbẹ nínú ike, ewé rẹ̀ kì í sọ orí kọ́. Yóò dúró gbagidi, yóò máa tutù lójú, yóò máa rùn dáadáa, ẹ ó sì ti máa bá òkú sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Nítorí náà omi púpọ̀ lè pa á, àìsí omi nínú ike náà lè pa á, kò sì ní sọ èyí tó ń ṣe é fún yín.

Ìyé mi gbé e lọ sẹ́yìn ilé, síbi àpáta. Ẹni tó bá mọ Ògìdì mọ bí àpáta ṣe yí wa ká. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé wa kéré, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí, ó dagun díẹ̀ sí ọwọ́ ìsàlẹ̀. Orí rẹ̀ ni Ìyé mi ń sá èlùbọ́ sí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo ní ṣé ibí yìí kò ní gbóná jù. Wọ́n ní, "Ibi tí èlùbọ́ bá ti ń gbẹ ní ọjọ́ mẹ́ta, ibẹ̀ ni oòrùn ń gbé." Nínú ìwé, wọ́n ní kí rosemary rí oòrùn fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́. Èlùbọ́ ọjọ́ mẹ́ta yẹn náà ni, wọ́n kàn fi aago kà á ni.

Ní ẹsẹ̀ àpáta, níbi tí omi òjò ti máa ń ṣàn kọjá tí kì í dúró, wọ́n kọ ebè kan. Ebè gidi, bí ti iṣu, ó kàn kéré ni, ó ga tó orúnkún ọmọdé. Wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, èyí tó ń bọ́ lára àpáta fúnra rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ múdù méjì, yanrìn odò múdù kan, òkúta wẹ́wẹ́ múdù kan, wọ́n sì wọ́n eérú díẹ̀ sí i, ìwọ̀n tí ìka mẹ́ta lè mú. Mo fẹ́ bu ìgbẹ́ adìẹ sí i. Wọ́n gba ọwọ́ mi. "Ṣé o fẹ́ kó sanra ni, àbí o fẹ́ kó rùn?" Mo padà wádìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni: tí oúnjẹ bá pọ̀ jù fún un, á ta ẹ̀ka gígùn tó rọ̀ dẹ̀dẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì dín kù.

Ojú tì mí díẹ̀. Gbogbo wa ní ẹkùn yìí la mọ ìdí tí a fi ń kọ ebè fún iṣu. Kí ẹsẹ̀ iṣu má baà wà nínú omi ni. Ẹ wo ilẹ̀ àkùrọ̀, ebè á ga ju ti orí òkè lọ, kò sí ẹni tó ní láti kọ́ ọmọ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú ike ni mo ti bá rosemary, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ ti òyìnbó, kò wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí mo mọ̀ láti kékeré lè kàn án. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń wá ìmọ̀, èyí tí ìyá mi ní lẹ́yìn ilé.

Ó bọ́ nínú ọyẹ́. Ní tòótọ́, ọyẹ́ ni ó fẹ́ràn jù: òtútù òwúrọ̀, oòrùn ọ̀sán, afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Wàhálà dé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹrin. Ebè gbé e lékè omi, ìyẹn kò le. Ṣùgbọ́n nínú oṣù keje, nígbà tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù tí oòrùn sì ń yọjú bí olè, funfun kan bo ewé àárín rẹ̀, bí ẹni pé èlùbọ́ fò sí i lára láti orí àpáta. Èbu ni. Mo fẹ́ ra oògùn. Ìyé mi fi ọ̀bẹ gé àwọn ẹ̀ka tó dì mọ́ra láàárín kúrò kí atẹ́gùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n tu koríko tó yí i ká, ó tán. Ibi tí igi ti gbó tí kò sì sí ewé lára rẹ̀ mọ́ ni wọn kò fọwọ́ kàn, wọ́n sì ṣe é re: rosemary kì í sábà rúwé mọ́ tí a bá gé e wọ inú igi gbígbẹ. Ibi tí ewé wà ni ká ti máa gé e, kí a má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀tá rẹ̀ gan-an ni adìẹ. Iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tó kún fún yanrìn, tó gbóná, ibi tí adìẹ ń wá láti gbọn ara rẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan a bá àgbébọ̀ kan tó dùbúlẹ̀ sórí ebè bí aya ọba, gbòǹgbò rosemary ti wà níta. A fi ẹ̀gún ọsàn yí i ká, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Tèmi ní Kàbbà, inú ìkòkò amọ̀ kan tó ti sán ni mo gbìn ín sí, ìkòkò omi ìyá bàbá mi. Kò lè gba omi dúró mọ́, ìyẹn ni mo sì fẹ́ lára rẹ̀. Amọ̀ ń mí, omi ń gba ara rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò bá ní ìkòkò lè lo rọ́bà ọ̀dà, kó fi irin gbígbóná lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀. Kí n tó bomi rin ín, mo ń ti ìka bọ inú ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Tí ọ̀rinrin bá kan ìka mi, mo ń bá tèmi lọ. Nínú ọyẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin; nínú òjò, ó lè tó oṣù kan tí n kò ní bu ìgò omi kan sí i. N kò fi ọjọ́ kà á mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìka yìí ló gbé mi dé ibi tí n kò rò.

Aago méje àárọ̀ ni mo máa ń pe Ìyé mi lójoojúmọ́. "Ẹ jíire, Ìyé. Ara ńkọ́?" "Ara le." "Ẹ ti jẹun?" "Mo ti jẹun." Ní ìparí oṣù, mo ń fi owó ránṣẹ́, mo ń kó ẹja inú agolo, kúùbù, bisikíìtì àti mílíìkì ránṣẹ́ nínú páálí. Kò sí oṣù kan tó yẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ pé mò ń tọ́jú ìyá mi, àwọn ará ìjọ pàápàá ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ tí a fi ẹ̀gún yí ebè ká náà, Ìyé mi jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, mo sì rí i pé okùn bàtà wọn ti wọ inú ẹran. Mo ní, "Ìyé, ẹsẹ̀ yín wú." Wọ́n ní kò sí nǹkan, ìjókòó ni. Ọwọ́ mi ṣì dọ̀tí iyẹ̀pẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ egungun ẹsẹ̀ wọn, lókè kókósẹ̀, mo kà dé márùn-ún, mo gbé e kúrò. Ojú ibẹ̀ jin bí ojú ibi tí mo ti ìka bọ nínú ìkòkò. Kò padà. Àwa méjèèjì jókòó, a ń wò ó.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, omi sì ti ń dúró sí wọn lára. Ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti ń ká irọ̀rí méjì léra kí wọ́n tó lè sùn, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà fún wọn ní oògùn tó ń mú ni tọ̀, ó ní kí iyọ̀ dín kù jọjọ. Nígbà tí a délé, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mílíìkì wà níbẹ̀ bí mo ṣe kó o wá, èèrà ti wọ bisikíìtì. Kúùbù àti ẹja inú agolo nìkan ni wọ́n ti jẹ. Iyọ̀ ni mo ń fi páálí kó fún ìyá mi lóṣooṣù.

Mo ṣì ń pè wọ́n láago méje. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé mo ń lọ síbẹ̀, n kò sì bèèrè ara wọn mọ́ kí n tó tẹ ẹsẹ̀ wọn wò. Wọ́n ní mo ti sọ àwọn di ìkòkò.

Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ di ìjà láàárín wa. Ìyé mi sọ pé àwọn kò jẹ ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí wọ́n fi ní kí àwọn máa mu omi ewé. Ibẹ̀ ni efinrin òyìnbó ti wúlò ju ti irun lọ. Ẹja tútù ni mo kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lára: mo gún ata rodo, ààyù àti ewé rosemary bíi mẹ́wàá pọ̀, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan sí i, mo fi pa ẹja, mo yan án lórí iná èédú. Ewé náà kì í ṣe ohun tí à ń bù lọ́wọ́. Tó bá ti lé díẹ̀, Robb ló kù lẹ́nu. Ìyé mi jẹ ẹ́, wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹ orí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí n gbé epo pupa kaná díẹ̀, kí n ju ẹ̀ka kan sínú rẹ̀, kí n yọ ọ́ kó tó jóná, kí a fi jẹ iṣu sísun. Àwọn ni wọ́n dá a sílẹ̀, kì í ṣe èmi. Mo ti tọ́ ọ wò ní ọ̀nà púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò rí èyí tó ju iṣu sísun yẹn lọ. (Oúnjẹ ni mò ń sọ o. Òróró rosemary inú ìgò kékeré tí wọ́n ń tà fún irun kì í ṣe mímu. Aboyún kò sì gbọ́dọ̀ fi ewé rẹ̀ ṣe àgbo.)

Ní ìparí oṣù kẹwàá tó kọjá, nígbà tí òjò ń palẹ̀ mọ́, mo gé ẹ̀ka mẹ́fà lára ti Ògìdì. Irúgbìn rẹ̀ kò wù mí, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í hù, èyí tó bá sì hù á fi sùúrù pa ni. Ẹ̀ka ló yá. Èyí tí kò rọ̀ jù tí kò sì gbó jù ni mo mú, gígùn rẹ̀ tó ìka àárín mi tàbí kó lé díẹ̀. Mo já ewé ìdajì ìsàlẹ̀ kúrò, mo kì wọ́n bọ yanrìn tútù, mo gé ìdí ike omi, mo fi dé wọn lórí bí ọmọ tuntun. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo gbé wọn sí. Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo rọra fa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mẹ́rin di ilẹ̀ mú. Ẹ ò lè mọ bí inú ẹni ṣe ń dùn tó tí nǹkan kékeré báyẹn bá kọ̀ láti tẹ̀ lé ọ.

Ìyá Bọ́lá, aládùúgbò mi, ti ń wò wọ́n láti orí fẹ́ǹsì. Irun ni tiwọn náà. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ òróró àti àbímọ́ àti irun dídì fún wọn, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, kí n ṣáà fún àwọn ní ọ̀kan. Mo gbìn ín fún wọn nínú rọ́bà ọ̀dà, mo fi òkúta wẹ́wẹ́ sí i, mo gbé e lọ bá wọn nílé ní ìrọ̀lẹ́. Mo dì í mú díẹ̀ kí n tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti bomi rin ín lónìí. Ẹ má fún un lómi títí di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ kí ẹ tó bu omi."

Wọ́n ní, "Ìyá Dúpẹ́, ṣé ọmọdé ni mí? Mo gbọ́."

A dágbére. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan géètì ni mo gbọ́ tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìn ilé, tí nǹkan kan sì ń kún nínú kete. N kò padà. Méjì ni mo ti yà sọ́tọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀.